Oṣù Tí A Fi Ṣúgà Sílẹ̀ Nítorí Ẹsẹ̀ Ìyá Mi

Ìbínú ló ń jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí. Àwọn tó mọ̀ mí ní Ìdúmọ̀tà, níbi tí mo ti ń ta bọ́tìnnì, síìpù àti òwú fún àwọn aránṣọ, mọ̀ pé orí mi kì í pẹ́ gbóná. Oníbàárà tó bá tú ọjà mi palẹ̀ tán, tó wá ní òun kàn ń wò ó ni, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó máa bá a délé. Ṣùgbọ́n ìbínú ọjà kì í bá mi délé. Bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó ti tán. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ti lé lọ́dún kan, kò sì tíì tán.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ìyá mi ni. Bàtà tuntun ló bó wọn lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ ọdún Iléyá, ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún. Egbò kékeré tí ènìyàn lè nù kó sì gbàgbé ni. Ìyá mi nù ún, wọ́n gbàgbé rẹ̀, egbò ni kò gbàgbé wọn. Nígbà tí mo fi máa tú aṣọ tí wọ́n fi wé e, ó ti ń rùn. Mo bá wọn jà pé wọ́n fi pa mọ́ fún mi, mo dá kẹ̀kẹ́ dúró, ó di ọsibítù.

Dókítà ní ìtọ̀ ṣúgà ni, pé ó ti pẹ́ lára wọn kí bàtà tó bó wọn. Ó jẹ́ ọmọdékùnrin kan tí ojú rẹ̀ ti rẹ̀, kò fepo bọyọ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ máa lo oògùn yín, kí ẹ sì fi gbogbo ohun dídùn sílẹ̀. Mo fún yín ní oṣù kan. Bí ṣúgà yìí bá wálẹ̀, egbò yìí á jinná. Bí kò bá wálẹ̀, a máa gé ẹsẹ̀ náà kó má baà ba ìyókù ara jẹ́."

Ẹ ní láti mọ irú ẹni tí ìyá mi jẹ́ kí ẹ tó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fún wọn. Ìyá mi kì í wọ ọkọ̀ láàárín Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹni tó bá bímọ ní Ìta Fájì, ẹsẹ̀ ni wọ́n á fi lọ kí i. Ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ lẹ́yìn ọjà, ẹsẹ̀ náà ni. Wọn ò kàwé, wọn ò kọ́lé, wọn ò ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń jẹ́ ènìyàn láàárín àwọn ènìyàn ni pé nǹkan kì í ṣe ọmọ aráyé kí wọ́n má yọjú. Dókítà sọ̀rọ̀ tán, wọ́n wo ẹsẹ̀ náà títí, wọ́n ní, "Ta ló máa wá máa bá mi kí àwọn ènìyàn?"

Nọ́ọ̀sì tó bá wa wẹ egbò náà ló fún wa ní ìmọ̀ràn. Ó ní ìyá mi ò lè dá a ṣe. Ó ní ilé tí gbogbo ènìyàn bá ti ń mu mínírà, ta ló máa jókòó síbẹ̀ kó máa mu omi lásán? Ó ní kí gbogbo ilé bá wọn fi ṣúgà sílẹ̀ fún oṣù kan náà, ká máa ṣọ́ ara wa, ká máa ki ara wa láyà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní nǹkan tó rọrùn ni.

Ilé ìdílé bàbá mi là ń gbé, ní Ìsàlẹ̀ Gángan. Bàbá mi ti kú, ìyá mi kò kúrò níbẹ̀. Èmi náà ti lọ sílé ọkọ, mo ti padà. Bí inú àwọn ará ilé bá dùn, ọmọ ilé ni mo jẹ́, bí inú bá bí wọn, mo di dálémosú. Ìyàwó àbúrò mi ń gbé pẹ̀lú wa, ọmọ Ẹ̀gbá, ẹni jẹ́jẹ́, yàrá kan náà ni òun àti ìyá mi ń sùn kó lè máa tọ́jú wọn, nítorí pé Kútọnu ni àbúrò mi ti ń ṣòwò. Obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan tó ń ta bàtà ní Ìdúmọ̀tà ló háyà yàrá ìsàlẹ̀. Lórí gbogbo wa pátá, Àlàájà wà.

Àlàájà ni àbúrò bàbá mi obìnrin. Wọ́n kéré sí ìyá mi lọ́jọ́ orí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bí wọn sínú ilé náà kí ìyá mi tó wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, nílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Ọmọ tí ìyàwó bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, ì báà máa rá lórí ilẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ rí kí ìyá mi pe Àlàájà ní ohun mìíràn ju "ọkọ mi" lọ. Àlàájà náà kò pe ìyá mi ní ohun mìíràn ju "ìyàwó" lọ, ìyá mi tí irun orí wọn ti funfun tán.

Èmi ni mo pe ìpàdé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ léraléra pé èmi ni mo pè é, nítorí pé kí n tó fìdí kan àga, Àlàájà ti di olórí ẹgbẹ́. Wọ́n jẹ́ olórí àwọn alásàlátù ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò, ó ti mọ́ wọn lára. Bí ènìyàn méjì bá jọ ń lọ pọnmi, àfi kí Àlàájà di olórí wọn. Wọ́n ní, "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìyàwó wa kò ní pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀, lágbára Ọlọ́run." Gbogbo wa ṣe àmín. Obìnrin Ìjẹ̀ṣà yìí, tó jẹ́ onígbàgbọ́, ṣe àmín tirẹ̀ gùn ju ti gbogbo wa lọ, ó sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún wa lórí wásáàpù lójú ẹsẹ̀. Ó pe orúkọ rẹ̀ ní "Ṣúgà, Ó Dàbọ̀."

A fòfin de ṣúgà nínú ẹ̀kọ, ṣúgà nínú gààrí, mínírà, mọ́ọ̀tì, ṣinṣín, bọ́ọ̀nù àti súwíìtì. A sì fẹ́nu kò pé bí a bá ti kí ìrun mọ̀gàríbì tán lálẹ́, gbogbo wa á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kálukú á sọ ohun tó gba ẹnu rẹ̀ kọjá láti àárọ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ilé wa di ilé ìjà. Orí ń fọ́ Àlàájà, wọ́n ń kanra mọ́ gbogbo ènìyàn. Obìnrin Ìjẹ̀ṣà ní ẹ̀kọ tí kò ní ṣúgà kò yàtọ̀ sí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Èmi ní tèmi, mo bá ọmọ ọlọ́jà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi jà ní Ìdúmọ̀tà nítorí pé ó ń jẹ bọ́ọ̀nù níṣojú mi. Ìjà burẹ́dì ló wá le jù. Obìnrin Ìjẹ̀ṣà ní burẹ́dì náà dùn, pé ṣúgà wà nínú rẹ̀. Àlàájà ní burẹ́dì kì í ṣe ohun dídùn, oúnjẹ ni. Obìnrin Ìjẹ̀ṣà ní, "Àlàájà, ẹ tọ́ ọ wò dáadáa o, ẹ̀yin náà á mọ̀." Wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní àwọn ò tíì mọ̀, kí wọ́n bù sí i. A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ìyá mi. Burẹ́dì wọ ẹ̀wọ̀n lọ́jọ́ náà.

Ìyá mi nìkan ni kò ráhùn. Wọ́n á mu ẹ̀kọ olómi wọn, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ lé orí àpótí, wọ́n á máa bi mí léèrè ta ló bímọ ládùúgbò. Mo ń wò wọ́n, mo ń sọ nínú ara mi pé a máa ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, ó dá mi lójú.

Lẹ́yìn náà ni àwọn akí-aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ìyá mi ti fẹsẹ̀ kí gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó láti ọjọ́ pípẹ́, gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó sì fẹ́ san án padà. Ẹ sì mọ ohun tí ọmọ Èkó ń gbé dání bó bá ń lọ kí aláìsàn. Mọ́ọ̀tì ni, pẹ̀lú agolo gúlúkóòsì. Ẹni tí a ní ṣúgà ń pa, ṣúgà ni wọ́n ń rù wá fún, wọ́n ní ó ń fún ènìyàn lẹ́jẹ̀. Wọn ò sì ní kàn gbé e sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Wọ́n á ní kí aláìsàn ṣí ọ̀kan níṣojú àwọn, kó mu ún, kí ọkàn àwọn lè balẹ̀ pé ó gba ọwọ́ àwọn. Ẹni tí kò bá mu ún, ó ní wọ́n fẹ́ fún òun ní májèlé nìyẹn.

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ajá. Nígbà tí mi ò bá sí nílé, obìnrin Ìjẹ̀ṣà á jókòó. Ẹni tó bá gbé mọ́ọ̀tì wá, ìta ni mọ́ọ̀tì rẹ̀ á dúró sí. Ìyá kan láti Ìta Fájì ṣépè fún mi. Ó ní, "O fẹ́ fi ebi pa ìyá ẹ kó o lè jogún yàrá wọn, àbí?" Mo ní kó gbé mọ́ọ̀tì rẹ̀ lọ fún ìyá tirẹ̀. Ariwo ta ládùúgbò, wọ́n ní dálémosú ti gba ilé. Àlàájà ló jáde sí wọn. Wọ́n dúró lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ní, "Àṣẹ tèmi ni. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìyàwó wa, kó gbé àdúrà wá, kó fi mọ́ọ̀tì sílé." Gbogbo wọn gbé mọ́ọ̀tì wọn, wọ́n lọ. Inú mi dùn sí Àlàájà lọ́jọ́ yẹn débi pé mo lọ ra aṣọ ìkírun tuntun fún wọn.

Ṣùgbọ́n ṣúgà ìyá mi kò wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti bá wa rí ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń gún ìka, láràárọ̀ kí n tó lọ sọ́jà ni mo máa ń gún wọn ní ọ̀kan. Ó ń lọ sókè. Mo rò pé ẹ̀rọ náà ló bàjẹ́, mo gún ara mi, tèmi dára. Mo gún obìnrin Ìjẹ̀ṣà, tirẹ̀ dára. Àlàájà gan-an, tó jẹ́ pé òkìtì ṣúgà ni wọ́n ń kó sí tíì tẹ́lẹ̀, ara wọn ti fúyẹ́, wọ́n ń gun àtẹ̀gùn láìmí gúlegúle. Gbogbo wa ni a ń sàn nítorí ìyá mi, àfi ìyá mi.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá olè. Mo tú àpótí ìyá mi, mo gbé bẹ́ẹ̀dì wọn kúrò nílẹ̀, mo gbọ́ òórùn ife wọn. Mi ò rí nǹkan kan. Ẹni tó kù ni ẹni tó ń se oúnjẹ wọn. Mo wọ ilé ìdáná lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá ìyàwó àbúrò mi lórí ìkòkò. Mo ní ó dá mi lójú pé ojú àánú rẹ̀ ló ń mú un fi ṣúgà sí ẹ̀kọ màmá. Ó ní, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n." Ó tún la ẹnu. Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé, mo ní ojú ló ń rojọ́. Ó wolẹ̀, ó ń ro ẹ̀kọ rẹ̀ lọ. Mo fi ilé ìdáná sílẹ̀ tìbínú-tìbínú.

Oṣù pé, a gbé ìyá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìka ẹsẹ̀ náà ti dúdú, dúdú náà sì ti ń rìn lọ sókè. Ọmọdékùnrin yìí wo ìwé, ó wo ẹsẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n wá gba bẹ́ẹ̀dì láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ní ìsàlẹ̀ orúnkún ni wọ́n máa gé e. Ó bi wá pé ṣé a fi ohun dídùn sílẹ̀ lóòótọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a létí. Mo ní gbogbo ilé wa, títí dé ẹni tó háyà yàrá, ló ti fi oṣù kan mu ẹ̀kọ bí omi ìṣankòkò. Ìyá mi ń fa aṣọ bo ẹsẹ̀ náà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ìṣe wa. Obìnrin Ìjẹ̀ṣà ń sunkún, ó ní bóyá a ò gbàdúrà tó. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Àlàájà dáhùn. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Wọn ò fi pa mọ́, wọn ò bojú wẹ̀yìn, ńṣe ni wọ́n ń fi yangàn.

Wọ́n ní, "Má sọ bẹ́ẹ̀. Àdúrà wo ni mi ò gbà? Kò sí àárọ̀ kan tí mi ò wọ yàrá ìyàwó lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Màá ka àdúrà sínú oyin, màá pò ó mọ́ omi gbígbóná, màá gbé e fún un, á mu ún tán níṣojú mi. Ife ńlá ni o. Oyin gidi, mo ránṣẹ́ sí Ṣakí kí n tó rí i."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Mo ní, "Àlàájà, ẹ fún wọn ní kí ni?"

"Oyin."

"Àlàájà, ṣúgà ni oyin."

Wọ́n wò mí bí ẹni tó sọ̀rọ̀ òdì sí Ọlọ́run. "Ta ló kọ́ ẹ nírú ìyẹn? Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe ṣúgà. Ọlọ́run ló ṣe oyin. Mùsùlùmí wo ni kò mọ̀ pé ìwòsàn wà nínú oyin? Ṣé Ọlọ́run á ṣe nǹkan fún ènìyàn kó wá máa pa á ni?"

Mo ní, "Kí ló ń mú un dùn, Àlàájà? Iyọ̀?"

"Wo ọmọ yìí o."

"Mo ní kí ló ń mú un dùn? Burẹ́dì lásán, a fi í sẹ́wọ̀n. Mọ́ọ̀tì, ẹ̀yin lẹ lé e lórí àtẹ̀gùn. Ẹ wá ń gbé ife oyin fún wọn láràárọ̀, lẹ́yìn yín ni èmi ń wọlé lọ gún wọn níka. Ẹ ti pa ẹsẹ̀ ìyá mi."

Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, mi ò sì tọrọ àforíjì lórí rẹ̀ títí di òní. Àlàájà dìde. Wọ́n ní, "Èmi ni ò ń pè ní apànìyàn? Nínú ilé bàbá mi? Ìwọ dálémosú?" Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti pe àwọn àgbà ẹbí jọ lé mi lórí. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n ní ohun rere ni Àlàájà fẹ́ ṣe. Mo mọ̀ pé ohun rere ni. Ohun tó ń pa mí lára nìyẹn. Ká ní ọ̀tá ni, màá mọ ibi tí màá kọjú ìbínú mi sí. Wọ́n ní kí n bẹ Àlàájà. Mo ní kí Àlàájà kọ́kọ́ bẹ ẹsẹ̀ ìyá mi.

Mo wọ yàrá lọ bá ìyá mi. Wọ́n ń ká aṣọ tí wọ́n máa kó lọ sí ọsibítù. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ní, "Màámi, ẹ mọ̀ pé oyin ni?"

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ṣé mi ò ní ahọ́n ni?"

"Ẹ mọ̀ pé ṣúgà ni?"

"Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Nígbà tó o gún mi níka lọ́jọ́ náà, mo rí ojú ẹ."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń mu ún?"

Wọ́n tẹ́ búbá kan sórí ìtan wọn, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nà án. "Ọkọ mi ló gbé e wá. Ó ti jí lóru gbàdúrà sí i. Kí n wá sọ pé kí ni? Pé àdúrà rẹ̀ ń ṣe mí níbi?"

"Ẹ ò bá sọ fún mi. Èmi á ti bá a sọ ọ́."

"Bó o ṣe bá a sọ ọ́ yìí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bí ìyàwó ni mo ṣe wọ ilé yìí, ọmọ mi. Àwọn tó mú mi wá kọ́ mi ní oríṣiríṣi. Wọn ò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá."

Mo ti ń bá oníbàárà jà, mo ń bá akí-aláìsàn jà, mo ń bá dókítà jà nítorí ẹsẹ̀ yẹn; ẹni tó ni ẹsẹ̀ jókòó sínú yàrá, ó ń gbé e fúnni pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ife lẹ́yìn ife.

Mo wá rántí pé àwọn méjì ló ń sùn sí yàrá náà. Mo kọjá sí ilé ìdáná. Ìyàwó àbúrò mi ń fọ abọ́. Mo ní ṣé ó rí Àlàájà pẹ̀lú ife oyin. Ó ní òun rí wọn. Mo ní láràárọ̀? Ó ní láràárọ̀. Mo ní ṣé kò gbọ́ ọ rí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. Ohùn rẹ̀ kò yí padà.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ni kí n sọ ọ́ fún? Ọkọ mi ni Àlàájà. Ẹ̀yin náà, ọkọ mi ni yín. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wọlé tẹ́ ẹ ní mo fi ṣúgà sí ẹ̀kọ màmá, mo la ẹnu láti sọ ọ́ fún yín. Ẹ ní kí n pa ẹnu mi dé."

Mo ní ìyẹn kọ́ là ń sọ. Ohun tí a ń sọ gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n inú ń bí mi.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Mo bi dókítà pé ṣé oyin ló fà á. Ó ní òun ò lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́, pé egbò náà ti jìn kí a tó gbé wọn wá, pé bóyá ẹsẹ̀ náà ì bá lọ bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n oyin kò ràn án lọ́wọ́. Irú ìdáhùn wo nìyẹn? Mo fẹ́ kó sọ pé oyin ni, kí n lè gbé e délé lọ jù lé Àlàájà. Tàbí kó sọ pé kì í ṣe oyin, kí n lè sùn. Àwọn ọkùnrin ilé wa gba ẹsẹ̀ náà nínú aṣọ funfun, wọ́n lọ sin ín sí itẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe wí. Nígbà tí ìyá mi jí dáadáa, wọ́n bi mí pé ṣé ẹni tó sin ín ṣe é jẹ́jẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò sí níbẹ̀.

Ní gbogbo ìgbà tí a fi wà ní ọsibítù, Àlàájà kò wá. Obìnrin Ìjẹ̀ṣà sọ fún mi pé wọn ò jẹun dáadáa, pé orí ẹní ìkírun ni wọ́n ń sùn sí. Mo ní kí wọ́n máa sùn síbẹ̀.

Ọjọ́ tí a gbé ìyá mi wálé, ìyàwó àbúrò mi ti pa bẹ́ẹ̀dì mọ́, ó ti fi ìrọ̀rí há wọn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. A gbé wọn jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n sinmi díẹ̀ kí wọ́n tó dùbúlẹ̀. Mo ń tẹ̀ síwájú láti gba ìborùn lórí wọn nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Àlàájà ló wọlé. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀, ojú wọn ti wú, wọ́n mú tẹ̀súbáà dání, ẹnu wọn ń lọ ní àdúrà. Ìyàwó àbúrò mi kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe.

Ìyá mi náà fẹ́ kúnlẹ̀.

Kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n ti fi ọwọ́ méjèèjì ti ara wọn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ara wọn kò tíì mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan ti lọ. Wọ́n na èyí tó kù sílẹ̀, wọ́n wá èkejì, wọn ò rí i, wọ́n ṣubú síwájú. Ìyàwó àbúrò mi tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló fi àyà gbà wọ́n. Láti ibẹ̀, pẹ̀lú ojú wọn léjìká ọmọbìnrin yẹn, mo gbọ́ tí ìyá mi ń sọ pé, "Ọkọ mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìdúró dè wá."

Àlàájà ní, "O ṣeun, ìyàwó." Ẹnu ló sọ ọ́ kí ojú tó rí i. Nígbà tí ojú rí i, tẹ̀súbáà bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Àwọn ìyàwó méjèèjì wà nílẹ̀. Èmi àti Àlàájà, àwa ọmọ ilé, dúró lórí wọn. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò jọ sínú láti ọsibítù, tí mo fẹ́ sọ sí Àlàájà lójú, kò jáde. Ìyàwó àbúrò mi ló sọ̀rọ̀. Ìyá mi ń yọ̀ lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbójú sókè sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gbé wọn." Ó sì tún rántí fi "ẹ jọ̀ọ́" sí i.